Ilẹ̀ tí katapílà ti họ lójú, àpò ajílẹ̀ nìkan kò lè tún un ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ilẹ̀ tí ẹ gbà ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn, tí ẹ fi katapílà wó igbó rẹ̀ ní èṣí, kò mú àgbàdo jáde bí ẹ ti retí, pé ewé rẹ̀ ń pọ́n, pòròpórò rẹ̀ sì ń yọ àwọ̀ elésè-àlùkò, àti pé òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tí ó wá wo oko náà ní kí ẹ fi àpò ajílẹ̀ NPK kẹta kún méjì tí ẹ ń lò fún éékà kan. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mẹ́ta yóò tó, tàbí kí ẹ kúkú rà á dé mẹ́rin. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì mú owó jáde.

Irú ohun tí ó ṣe ilẹ̀ yín ti ṣe tèmi rí, ní Òkè-Ògùn yìí kan náà. Àwọn tí ó ń bójú tó ètò owó-yíyá fún àgbẹ̀ nígbà náà sọ fún wa pé ẹni tí kò bá fi ẹ̀rọ wó igbó rẹ̀ kò ní rí owó gbà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì gbé katapílà wá. Abẹ irin rẹ̀ wọ ilẹ̀ ṣinrá, ó hú kùkùté, ó gbé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ dúdú tí ó wà lókè, ó sì wọ́ ọ lọ sí etí oko, níbi tí ó ti tò ó jọ ní òkìtì gbọọrọ. Ohun tí ó kù fún wa láti gbìn sí ni ilẹ̀ pupa tí yangí wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀.

Nígbà tí àgbàdo hù, ẹni tí ó bá dúró lójú ọ̀nà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Èyí tí ó wà lẹ́bàá òkìtì dúdú minimini, ó ga ju àgbàlagbà lọ, ó ń yọ ọmọ méjì méjì. Èyí tí ó wà láàárín oko kò ga ju orúnkún lọ, etí ewé rẹ̀ pọ́n di elésè-àlùkò, ọmọ tí ó sì yọ kò ju àtàǹpàkò lọ. Irúgbìn kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni a gbìn ín, ajílẹ̀ kan náà ni a fún gbogbo rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán sí wa kò wọ inú oko kọjá ibi tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ó wo èyí tí ó ga létí oko, ó ní àárín ni ajílẹ̀ kò tíì tó. A fi kún un. Òjò kan ṣoṣo ni ó rọ̀, ojú ilẹ̀ tí ó ti di pẹrẹsẹ kò fa omi mu, ọ̀gbàrá sì ru ajílẹ̀ náà lọ sínú odò, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn wa síbẹ̀. Ní ọdún kejì, ọ̀nà ọ̀gbàrá ti jìn tó ohun tí ẹsẹ̀ ń wọ̀ sí, kò sì sí ọ̀gá kankan tí ó padà wá wò ó.

Ohun tí ó ń dùn mí títí di òní ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣírí. Láti 1967 ni IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti wà ní Ìbàdàn. Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1970 dé 1987, fi ìdánwò hàn pé bí ẹ̀rọ bá họ ojú ilẹ̀, òjò a gbé e lọ, àti pé bí a bá fi koríko bo ilẹ̀, tí a kò sì fi katakata tú u káàkiri, ilẹ̀ a dúró. Ọkùnrin náà gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní 2020. Kò jìnnà láti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń sanwó oṣù fún láti mú un wá bá wa.

Ìdí tí àpò kò fi lè ṣe é nìyí. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa, amọ̀ inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti di oúnjẹ irúgbìn mú. Ewé àti gbòǹgbò tí ó ti jẹrà nínú ilẹ̀ dúdú òkè ni ó ń ṣe púpọ̀ iṣẹ́ yẹn. Bí katapílà bá ti kó o lọ, kò sí ohun tí yóò gba ajílẹ̀ dúró. Irin inú ilẹ̀ pupa náà tún ń di fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú oúnjẹ irúgbìn, mú tí gbòǹgbò kò fi rí i fà, ìyẹn sì ni ó sábà máa ń mú kí àgbàdo yọ àwọ̀ elésè-àlùkò.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ kó òkìtì etí oko padà sáàárín, kí ẹ sì tẹ́ ẹ. Ọkọ́ àti ọmọlanke la fi ṣe tiwa. Ẹ gbin mùkúnà, irúgbìn kan tí ó ń fà bí ẹ̀wà, sí i bí ẹni gbin ẹ̀wà, ẹ jẹ́ kí ó bo ilẹ̀, kí ewé rẹ̀ sì kú síbẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tẹ́wọ́ gbà á, pàápàá nítorí pé ó ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ rí i dájú pé kì í ṣe yèrèpè inú igbó tí ó ń yún ara ni wọ́n tà fún yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ará ilé kankan sè é jẹ bí ẹ̀wà, nítorí pé oògùn líle wà nínú èso rẹ̀. Òtìlí náà dára, òun ṣeé jẹ. Ẹ má sun pòròpórò.

Ìgbẹ́ adìyẹ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó lò ó, nítorí pé tútù rẹ̀ ń jó irúgbìn. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú pákó ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ sí i, torí pé bí pákó ṣe ń jẹrà ni yóò máa gba náítírójìn, oúnjẹ tí ó ń mú àgbàdo dàgbà, mọ́ ọn lọ́wọ́. Nǹkan mìíràn tí ó ká mi lára: ẹ kọ ìwé àdéhùn ọlọ́dún gígùn pẹ̀lú onílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Mo mọ ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́rẹ́ tí ó tún un ṣe tán.

Ti àpò tí ẹ béèrè: àpò NPK 15-15-15 oníkílò 50 kan, tí náítírójìn rẹ̀ jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ní kílò méje ààbọ̀ náítírójìn, nítorí náà méjì fún yín ní kílò 15. Àpò oníkílò 50 kan ti yúríà, ajílẹ̀ tí náítírójìn rẹ̀ jẹ́ 46 nínú ọgọ́rùn-ún, ní kílò 23. Náítírójìn ni àgbàdo ń wá jù nígbà tí ó bá ń ga, nítorí náà ẹ dúró sí àpò NPK méjì, kí ẹ fi yúríà kan tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà lẹ́yìn gbígbìn, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìdí àgbàdo, ẹ má jẹ́ kí ó kan ìdí rẹ̀, kí ẹ sì bo ó mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí pé èyí tí ó bá wà lójú ilẹ̀ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Owó àpò kẹta, ẹ fi ra ìgbẹ́ adìyẹ fún àárín oko, níbi tí ilẹ̀ pupa wà.