Kí ìdánwò orí fóònù tó yan iṣẹ́ fún ẹ

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tó o béèrè yẹn kàn mí gan-an. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC, Microbiology lo kà, báńkì kan fẹ́ gbà ẹ́ sí marketing, àmọ́ O*NET Interest Profiler, ìdánwò irú iṣẹ́ tó wu èèyàn, tó o ṣe lórí fóònù ní I (Investigative, ìyẹn ìfẹ́ láti wádìí nǹkan) ló ga jù fún ẹ, pé iṣẹ́ ìwádìí ni kó o lọ ṣe. Kọ́ọ̀sì yẹn lèmi náà kà, mo sì ṣe marketing ní báńkì, ojú mi rí tó.

Ìdánwò yẹn dáa o, ìjọba Amẹ́ríkà ló ṣe é, láti 1959 ni John Holland, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ti pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́fà, tí I jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbéèrè 60 yẹn, ohun tó wù ẹ́ ni wọ́n ń wá, wọn ò bi ẹ́ bóyá o mọ̀ ọ́n ṣe, wọn ò sì bi ẹ́ pé èèyàn mélòó ló ń wojú ẹ nílé. Owó oṣù tó o rí níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni, má fìyẹn ṣírò nǹkan kan n'Íbàdàn.

Ohun tó là mí lójú ni ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ nǹkan sí lálẹ́. Iṣẹ́ tí ọwọ́ mi ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo ń kọ, mo sì ń fàmì sí èyí tó tán mi lókun àti èyí tí mo ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi. Kéèyàn jókòó síwájú ọ́fíìsì olówó kan ní Bódìjà láti àárọ̀ torí dìpọ́síìtì, kí olówó náà wá ní òun ò ráyè, ìyẹn máa ń mú gbogbo ara mi rọ. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù táwọn èèyàn fi ń ṣí àkáǹtì, mo lè yẹ̀ ẹ́ wò títí ilẹ̀ á fi ṣú: orúkọ orí BVN ò bá ti káàdì mu, ọjọ́ ìbí ò dọ́gba, bíìlì iná ti pẹ́ jù, sáìnì ojú ìwé kan ò jọ ti èkejì, màá ti rí i. Nígbà tó yá àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á kọ́kọ́ gbé fọ́ọ̀mù tiwọn wá bá mi kí wọ́n tó fi sílẹ̀. Ohun tó bá rọrùn fún èèyàn, kì í kà á sí ẹ̀bùn, torí ẹ̀ ló ṣe yẹ kó o bi àwọn tó ti bá ẹ ṣiṣẹ́ rí pé tó bá jẹ́ àwọn ló ń gbà ẹ́ síṣẹ́, kí ni wọ́n máa gbé fún ẹ ṣe. Má bi mọ́mì o, wọ́n á kàn yìn ẹ́ ni.

Èmi náà bi àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ ní báńkì bẹ́ẹ̀, èsì tí wọ́n fún mi ló gbé mi dé quality control, ìyẹn yíyẹ ọjà wò bóyá ó dáa, ilé iṣẹ́ oúnjẹ ni mo wà báyìí, mò ń ka bàkítéríà tó hù nínú àwo, mò ń yẹ ìwé batch wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ oúnjẹ tá a ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò kàn dédé fi báńkì sílẹ̀ o, ọjọ́ Sátidé ni mo kọ́kọ́ ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe pure water, mò ń bá wọn yẹ omi wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí n lè mọ̀ bóyá á ṣì máa wù mí tó bá di ojoojúmọ́. Owó oṣù mi wálẹ̀ nígbà tí mo kúrò, àmọ́ mo ti kọ owó ilé àti school fees àwọn àbúrò mi sínú ìwé kan náà, kò bá mi lójijì.

Tìẹ báyìí, tó bá jẹ́ báńkì yẹn nìkan ló ṣe tán láti sanwó, gbà á, má jókòó sílé máa retí láàbù. Kọ́kọ́ bi wọ́n ṣé contract ni àbí staff gan-an, èló ni dìpọ́síìtì tí wọ́n fẹ́ kó o máa mú wá, àti bóyá wọ́n lè gbé ẹ lọ sí operations (àwọn tó ń bójú tó àkáǹtì àti ìwé) tàbí internal control (àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ báńkì wò kí àṣìṣe má bàa wọlé) tó bá yá, torí I tó ga yẹn máa wúlò níbẹ̀ ju marketing lọ. Kó o sì bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ wọlé síṣẹ́.