Ìbéèrè Òǹkàwé: Ibi tí “used to” ti ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wa lẹ́nu

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Nínú ìwé tí mo kọ sí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni mo ti sọ pé “I use to come early every day.” Ọ̀gá mi fa ìlà pupa sí abẹ́ “use to”, ó sì kọ “usually” sí òkè rẹ̀, kò ṣàlàyé kankan. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ tún ní “I am used to coming early” ni ó yẹ kí n kọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dà rú mọ́ mi lójú. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ó tọ̀nà?

Ìdáhùn: Ọ̀gá yín kò ṣì í nípa ìlà tí ó fà, ṣùgbọ́n àlàyé tọ́ sí yín, nítorí pé inú èdè abínibí wa gan-an ni àṣìṣe yìí ti ń wá, àwọn tó sì kàwé dáadáa ń ṣe é. “Máa ń”, tí àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá fi ń tọ́ka sí ìṣe bárakú, kò bìkítà bóyá ìṣe náà ti dópin tàbí ó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí mo bá ní “Mo máa ń tètè dé”, ìṣe mi títí di òní ni. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un, tí mo ní “Mo máa ń tètè dé tẹ́lẹ̀”, ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, “used to” ti gbé “máa ń” àti “tẹ́lẹ̀” pọ̀ sínú ara rẹ̀, a kò sì lè yọ ìkan kúrò lára ìkejì. Ìdí nìyí tí kò fi ní ẹ̀dà tí a lè lò fún ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́. Fún irú ìyẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ti tó, “I come early every day”, tàbí kí a fi “usually” sí i bí kì í bá ṣe ojoojúmọ́. Nínú gbólóhùn tiyín, “every day” ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà èmi ì bá yọ “use to” kúrò, n kò sì ní fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yìí, nítorí ó lè pa èèyàn lára. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́, tó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n bi í léèrè ìrírí rẹ̀, ó dáhùn pé “I used to teach children mathematics.” Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni “Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò”, àmọ́ ohun tí àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ gbọ́ ni pé ó ti ṣe é rí, ó sì ti fi í sílẹ̀. Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni ìdí tó fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì ní mọ ibi tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti wá. Bákan náà ni ọkọ tó sọ fún aya rẹ̀ níwájú àlejò pé “I used to love your cooking” kò tíì yìn ín rárá. Ohun tí àlejò gbọ́ ni pé oúnjẹ rẹ̀ kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu mọ́. Kò sí “but not any more” nínú gbólóhùn méjèèjì, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó gbọ́ wọn ni yóò gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ fi kún un pé Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ fàyè gba ohun tí ẹ kọ. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1611, Sáàmù 119, ẹsẹ 132, ẹ óò ka “as thou usest to do unto those that love thy name”, ìṣe tí kò sì tíì dópin ni onísáàmù ń sọ níbẹ̀. Ìlò yẹn ti kú pátápátá nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ti àtẹ̀yìnwá nìkan ló kù.

Ní ti ìmọ̀ràn ẹnìkejì yín, gbólóhùn tó fún yín tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń sọ. “I am used to coming early” túmọ̀ sí pé títètè dé ti mọ́ yín lára, kò sì ni yín lára mọ́. Ẹni tó sọ pé “I am used to noise” kò sọ pé òun ń pariwo, kò tilẹ̀ sọ pé ariwo wà níbi tí òun wà lónìí. Ó kàn sọ pé ariwo kò lè dá òun láàmú. “To” tó wà níbí jẹ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn, ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí “-ing” ló ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ fi “it” dán an wò. “I am used to it” lọ geerege. “I used to it” kò lọ. “Am used to” yìí tún yàtọ̀ ní ti pé ó ń bá gbogbo àsìkò rìn: “I was used to it”, “You will get used to it”, èyí tí a máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun pé yóò mọ́ ọn lára tó bá yá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní “would” lè ṣe iṣẹ́ “used to”. Mo wá kọ “I would have a bicycle when I was young”, wọ́n tún ní mo ṣì í. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Nítorí pé níní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń ṣe léraléra. “Would” wà fún ìṣe tó ń wáyé, tó ń tán, tó tún ń wáyé, lẹ́yìn tí a bá ti sọ ìgbà tí a ní lọ́kàn: “When we were children, our grandmother would tell us stories.” “Used to tell us” náà dára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ipò tí nǹkan wà, “used to” nìkan ló lè ṣe é: “I used to have a bicycle”, “She used to be shy”, “There used to be a bridge here.” Bí ẹ bá ní “would” fún afárá yẹn, ẹni tó ń kà á lè máa dúró de “if” tí kò ní dé.

Àwọn méjèèjì ní ibi tí wọn kì í dé. Bí ẹ bá ti ka iye ìgbà tàbí iye ọdún, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. “I used to live there for five years” kò dára. “I lived there for five years” ni.

Ìbéèrè: Ṣé “Did you used to” ni tàbí “Did you use to”?

Ìdáhùn: “Did you use to” àti “I didn’t use to” ni ẹ óò kọ, nítorí “did” ti gbé àmì àtẹ̀yìnwá, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í kọ “did went”. Ohun tó ń fa ìdààmú ni pé etí kò lè ràn wá lọ́wọ́: “d” inú “used to” máa ń rì sínú “t” tó tẹ̀ lé e, tí méjèèjì yóò fi dún bákan náà, àwọn tó ni èdè náà pàápàá sì máa ń ṣì í kọ. Ti àwa Yorùbá tún le díẹ̀ sí i. Nínú “A knife is used to cut paper”, tó túmọ̀ sí pé ọ̀bẹ ni a fi ń gé bébà, ìró “z” ló wà nínú “used”. Nínú gbogbo èyí tí a ti sọ ṣáájú, ìró “s” ni. Èdè wa kò ní “z”, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń pe gbogbo wọn bákan náà, nítorí náà ẹ wo ohun tó ṣáájú “used” àti ohun tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó pinnu ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ lè bá “used not to” pàdé nínú ìwé àtijọ́ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Kò ṣẹ̀, àmọ́ ó ti le koko jù fún lẹ́tà òde òní. “Didn’t use to” ni kí ẹ máa kọ.