Èsì fún àbúrò tí cadherin rẹ̀ ń lọ́ bí òwú

Àbúrò, o ní E-cadherin rẹ, púrótéènì tó ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ra, ń lọ́ bí òwú nínú negative stain (àwòrán maikirosíkóòpù elekitíróònù tí a fi àwọ̀ irin wíwúwo kun), o sì ń bèèrè bóyá kí o kúkú gbé e lọ sí cryo-EM, níbi tí a ti ń wo púrótéènì nínú yìnyín. Má tíì gbé e lọ síbì kankan. Bọ́fà wo, ìyẹn omi oníyọ̀ tí púrótéènì wà nínú rẹ̀, lo fi ṣe é?

PBS, bọ́fà oní-fọ́sífétì, ló jẹ oṣù mẹ́jọ mọ́ mi lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bèèrè. Ègé márùn-ún tí à ń pè ní EC ló tò tẹ̀léra lára cadherin níta sẹ́ẹ̀lì, oríkèé mẹ́rin ló wà láàárín wọn, kálísíọ̀mù mẹ́ta-mẹ́ta ló sì há sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Tí kálísíọ̀mù bá wà níbẹ̀, á le, á tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ. Tí kò bá sí, á rọ, á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ o! Mo da kálísíọ̀mù sínú PBS. Fọ́sífétì gbá a mú, ó di funfun sí ìsàlẹ̀ túùbù. Mo ní púrótéènì tó bàjẹ́ ni, mo yọ ọ́ dànù, mo fi omi tó ṣẹ́kù sórí grid, àwo kékeré tí à ń gbé sínú maikirosíkóòpù. Fọ́sífétì kan náà tún bá uranyl acetate, àwọ̀ tí a fi ń kun grid, jà, ó tò dúdú-dúdú káàkiri. Ọ̀gá tó ń tọ́jú maikirosíkóòpù, tí à ń sanwó fún ní wákàtí-wákàtí, yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó ní púrótéènì mi ò dáa, ó padà sídìí tíì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Kò bi mí ní bọ́fà rí! Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti láàbù kejì ló wo túùbù mi tó bú sẹ́rìn-ín.

Lo HEPES tàbí Tris, NaCl 150 mM, CaCl2 2 mM. Yẹ àpò protease inhibitor rẹ (èyí tí kì í jẹ́ kí púrótéènì já sí wẹ́wẹ́) wò dáadáa, EDTA, tó ń gbá kálísíọ̀mù mú, wà nínú òmíràn. Glow discharge (fi iná mànàmáná mú kí ojú grid gba omi), stain (kun ún), blot (fi bébà fa omi rẹ̀), ìyẹn ò le. Ìyókù uranyl, má dà á sí sínkì o. Ó ń tan ìtànṣán, májèlé kíndìnrín sì ni.

Ẹni tó ń bèèrè nípa integrin, púrótéènì mìíràn tó ń di sẹ́ẹ̀lì mú, lókè yẹn nínú ìjíròrò yìí, tìrẹ yàtọ̀: tó bá ká wálẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́. Mn2+ (máńgánísì) lè mú un nà ró.

Háà, cryo lo bèèrè. Apá ìta E-cadherin kò ju nǹkan bíi 60 kDa lọ, ìyẹn kéré fún cryo, ó tún tín-ín-rín; agbára káká ni wàá fi rí i nínú yìnyín. Wá Fab, ègé antibody, tó ń lẹ̀ mọ́ ọn ná, kó lè tóbi sí i. Tí grid HEPES bá ti jáde, gbé àwòrán rẹ̀ síbí.