Ṣé wọ́n fi Jésù tó jẹ́ ènìyàn pamọ́ fún wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Fídíò kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea lọ́dún 325 ló yọ àwọn ìhìnrere tó fi Jésù hàn bí ènìyàn lásán kúrò nínú Bíbélì. Níbo la ti lè rí wọn rà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Ìpàdé Nicaea kò yọ ìwé kankan. Òfin 20 tí wọ́n ṣe níbẹ̀ wà títí dòní, kò sì sí èyí tó ka ìwé Bíbélì. Ọ̀rọ̀ Arius, àlùfáà kan tó ní Ọlọ́run dá Jésù Ọmọ rẹ̀ ni, ni wọ́n jà lé lórí.

“Ènìyàn lásán” yẹn ló bí mi nínú jù, torí òdìkejì rẹ̀ gan-an ló rí. Ẹ wo àwọn ìwé tí kò sí nínú Bíbélì. Nínú Ìhìnrere Pétérù, tí wọ́n hú ní Akhmim ní Íjíbítì, Jésù dákẹ́ lórí àgbélébùú bí ẹni tí kò jẹ̀rora. Nígbà tó jáde ní ibojì, orí rẹ̀ ga ju ọ̀run lọ, àgbélébùú ń tẹ̀ lé e, ó sì ń fọhùn! Nínú ìwé ìgbà èwe rẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Tómásì pè, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tó fi amọ̀ mọ ẹyẹ 12, tí wọ́n fò lọ. Ọmọ kan kọlù ú léjìká, ọmọ náà ṣubú, ó kú. (Ẹ má fi èyí pe Ìhìnrere Tómásì, ìwé mìíràn tí wọ́n rí ní Nag Hammadi ní Íjíbítì, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ Jésù 114 láìsí ìtàn àgbélébùú.) Ṣé ènìyàn lásán nìyẹn?

Inú Bíbélì yín ni ẹni tí ẹ ń wá wà. Ẹ ṣí Máàkù. Ebi pa á ní 11:12. Kò mọ ọjọ́ ìkẹyìn ní 13:32. Ó ké lóhùn rara ní 15:34. Ẹ wá fi 6:5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mátíù 13:58. Máàkù ní “kò lè ṣe” iṣẹ́ agbára ní ìlú rẹ̀, Mátíù ní “kò ṣe ọ̀pọ̀.” Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Máàkù wà níwájú Mátíù nígbà tó ń kọ tirẹ̀. Ẹ wo bí “lè” ṣe pòórá.

Ohun tí ẹ ó gbà gbọ́, ẹ bá ìjọ yín sọ ọ́. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbogbo orí mẹ́rìndínlógún tó wà nínú Máàkù tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má fo ibì kankan. Ní 4:38, ó sùn lórí ìrọ̀rí nídìí ọkọ̀. Ní ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, ó dìde, ó bá ìjì wí, ìjì sì dákẹ́.