Ìbéèrè Yín: Ọjà tí a ò fi ti ìjọba ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Bàtà ni mò ń tà lójú títì ní Ọ́ṣòdì, n ò sì san owó-orí fún ìjọba kankan. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní agorist ni mí. Ṣé èébú ni àbí oríyìn? — Ìyá Oníbàtà, Èkó

Ẹ kú ọjà, Màmá. Kì í ṣe èébú, àmọ́ ọmọ yín ti sáré jù díẹ̀.

Agora ni àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ń pe ojúde tí wọ́n ti ń nájà. Ibẹ̀ ni Samuel Edward Konkin III (1947–2004), ọmọ Kánádà tó lọ fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, ti yọ orúkọ yìí. Ó to èrò rẹ̀, agorism, lẹ́sẹẹsẹ sínú New Libertarian Manifesto ní 1980. Ohun tó sọ ni pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìjọba máa darí òun kò gbọdọ̀ dìbò, kò sì gbọdọ̀ gbé ìbọn. Kó máa rà, kó máa tà, kó máa ṣiṣẹ́ níbi tí ọwọ́ ìjọba ò tó, títí ọjà yẹn yóò fi gbòòrò débi pé ìjọba ò ní rí nǹkan gbámú mọ́.

Ó fi àwọ̀ pín ọjà. Funfun ni èyí tí ìjọba fọwọ́ sí. Aláwọ̀ eérú ni ọjà tí kò léèwọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń tà á kò gba ìwé àṣẹ, tàbí tí kò san owó-orí. Dúdú ni èyí tí òfin kà léèwọ̀ pátápátá. Pupa ni olè jíjà, ìpànìyàn àti gbogbo ohun tó bá ti ní ipá nínú. Nínú ohun tí ìjọba kò fọwọ́ sí, pupa yìí nìkan ni Konkin yà sọ́tọ̀ pé kò sí nínú ohun tí òun ń wí.

Ọjà eérú ni tiyín. Ṣùgbọ́n ète ló ń sọni di agorist, àìrówó gba ṣọ́ọ̀bù ló sì gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ojú títì. Ẹ tún wo ohun kan: owó tí agbèrò ń gbà lọ́wọ́ yín láràárọ̀ ńkọ́? Owó tí wọ́n bá fi ìdẹ́rùbà gbà kì í ṣe ti ìfẹ́-inú. Pupa ni, kódà bí wọ́n bá já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín.

Àbúrò mi fẹ́ máa di irun nínú ilé, ní ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n ti ń béèrè ìwé àṣẹ. Mo gbọ́ pé Konkin ní ìṣirò tí èèyàn fi ń wọn ewu. — Onídìrí, Houston

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Dallas, ní 1997, àwọn ọlọ́pàá mú Isis Brantley nítorí pé ó ń di irun láìní ìwé àṣẹ. Ó bá ìpínlẹ̀ Texas fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó sì di 2015, Texas pa òfin ìwé àṣẹ irun dídì rẹ́. Orí yín ti bọ́ nínú eérú nìyẹn; ti àbúrò yín ló kù.

Ìṣirò náà kò le. Ká ní orí 4 ló ń dì lọ́sẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 150: 600 nìyẹn. Irun àti ìpara gba 80, ó ku 520. Ká ní ìtanràn tí wọ́n lè bù fún un jẹ́ 1,000, ká sì ní wọ́n lè mú un lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ 20. Pín 1,000 sí 20, ó jẹ́ 50. Yọ ọ́ kúrò lára 520, ó ku 470. Iye yẹn ni kó fi wé ohun tí iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ máa fún un.

Àbùkù ìṣirò yìí ni pé gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ló dájú àyàfi 20, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù nìyẹn. Ó tún wúlò kìkì níbi tí àdánù bá jẹ́ èyí téèyàn lè dìde lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìwé ìgbé-ìlú àbúrò yín ò bá tíì fìdí múlẹ̀, ẹ má bá a ṣe ìṣirò kankan. Ẹ tún fi àwọn ohun tí kì í hàn nínú ìwé kún un: kò lè gbé oníbàárà tó kọ̀ láti sanwó lọ sí kóòtù, kò lè lẹ pátákó mọ́ta, báńkì ò sì ní yá a lówó. Ìdí tí iṣẹ́ aláwọ̀ eérú kì í fi í tóbi nìyẹn.

Ṣé Silk Road kì í ṣe àpẹẹrẹ agorism? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ross Ulbricht, tó dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ ní 2011, sọ pé ìwé Konkin wà lára ohun tó ta òun jí. Oògùn olóró ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n mú un ní October 2013, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un ní 2015, ààrẹ Amẹ́ríkà sì forí jì í ní January 2025. Lójú tiwa, àbùkù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni owó gbogbo oníbàárà ń gbà kọjá. Nígbà tí wọ́n mú ẹni náà, ọjà tú.

Àwa 12 ní Peckham fẹ́ máa fi wákàtí iṣẹ́ san wákàtí iṣẹ́, láìsí owó. Báwo la ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ló sì máa ń bà á jẹ́? — Ẹgbẹ́ Àáró, London

Ní 1827, Josiah Warren ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí Cincinnati, ní Ohio, tí wọ́n ń pè ní Time Store. Iye tó ra ọjà gan-an ló ń gbà lówó, ó sì ń bu nǹkan bíi 4 sí 7 nínú 100 lé e fún ìnáwó ṣọ́ọ̀bù. Aago wà níbẹ̀ tó ń ka àkókò tí oníbàárà lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àkókò yẹn ni oníbàárà máa fi ìwé ìlérí san, pé òun yóò ṣe iṣẹ́ ọwọ́ òun fún ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Àgbàdo ló fi ṣe òṣùwọ̀n, àgbàdo tó wọn pọ́n-ùn 12 fún wákàtí kan. Ní 1830 ló fúnra rẹ̀ tì í, ó ní ohun tí òun fẹ́ fi hàn ti hàn.

Ẹ mú ohun kan níbẹ̀: kí ohun èlò jẹ́ owó, kí iṣẹ́ jẹ́ wákàtí. Bí ẹnì kan bá rán aṣọ fún yín, ẹ san owó òwú àti síìpù lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá pò ó pọ̀ mọ́ wákàtí, ọ̀sẹ̀ kejì ò ní pé kí ìjà tó dé.

Fún ìwé kíkọ, ọ̀nà tí Michael Linton dá sílẹ̀ ní Comox Valley, ní Kánádà, ní 1983, tó pè ní LETS (Local Exchange Trading System, ètò pàṣípààrọ̀ àdúgbò), ló rọrùn jù. Òdo ni gbogbo yín fi bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ fi wákàtí 3 ránṣọ fún olùkọ́: ẹ kọ +3 sí aránṣọ, −3 sí olùkọ́. Kò pọn dandan kí olùkọ́ padà sọ́dọ̀ aránṣọ. Ó lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìṣirò kó fi dí i. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí àáró àwọn baba wa, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá mi ro oko lèmi náà gbọ́dọ̀ bá ro tirẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òdo ló gbọ́dọ̀ já sí. Bí kò bá já sí òdo, ẹnì kan ti kọ apá kan láìkọ èkejì, ẹ wá a lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ìwé sì wà níbi tí gbogbo yín ti lè ṣí i wò.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kí kálukú kọ iṣẹ́ 3 tó lè ṣe àti iṣẹ́ 3 tó ń wá. Bí ẹni 7 bá kọ oúnjẹ sísè, tó sì jẹ́ pé púlọ́ńbà ni gbogbo yín ń wá, ẹ dúró ná. Púlọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà láàárín yín yóò ní +40 kí oṣù kejì tó parí, kò ní rí ohun tó máa fi rà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó ń pa irú ẹgbẹ́ yìí nìyẹn, ó ju gbèsè lọ.

Nítorí náà, ẹ fi gbèdéke sókè àti sísàlẹ̀: +20 àti −10. Ẹni tó bá kan +20, kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù kó tó tún ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kan −10, kò ní gba nǹkan mọ́ títí yóò fi ṣiṣẹ́. Bó bá fi −10 kó lọ sí Manchester, wákàtí 10 tí ẹ pín láàárín ẹni 11 kò tó wákàtí kan lórí ẹnikẹ́ni. Ẹ ò ní ọlọ́pàá tẹ́ ẹ máa rán sí i, gbèdéke yẹn ló ń dúró fún ọlọ́pàá.

Ní ti bóyá wákàtí lọ́yà dọ́gba pẹ̀lú ti agbálẹ̀: Warren gbà pé iṣẹ́ tó bá nira jù ló yẹ kó gba jù. Fún ẹni 12, ẹ jẹ́ kó dọ́gba fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Àríyànjiyàn náà máa ń gba wákàtí tó pọ̀ ju iṣẹ́ lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ kó èsúsú wa ti sá lọ. Níbo la ti ṣe àṣìṣe? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìbàdàn

Ní ètò ẹni tó ń kó o. Ká ní ẹni 10 ni yín, ₦20,000 lóṣù, ₦200,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa kó. Ẹni tó kó o lóṣù kìíní ti di ajigbèsè ₦180,000. Ẹni kejì, ₦160,000. Ẹni tó kó o kẹ́yìn kò jẹ ẹnikẹ́ni. Òun ni gbogbo yín jẹ. Nítorí náà ẹ fi àlejò sí ìparí, ẹ má fi ìbò mú nọ́ńbà bí ẹ ò bá tíì mọ ara yín. Kí ẹni 3 àkọ́kọ́ ní onígbọ̀wọ́, kí onígbọ̀wọ́ náà sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò tíì kó tirẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí nǹkan dì mú. Onígbọ̀wọ́ tó ti kó tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó sá lọ.

Ti àjọ yàtọ̀: níbẹ̀, alájọ tó ń kó owó ojoojúmọ́ yín pamọ́ lẹ ó máa ṣọ́.

Ṣé owó-orí wà lórí pàṣípààrọ̀ tí kò ní owó nínú? — Oníṣirò, Maryland

Bẹ́ẹ̀ ni. IRS, àjọ tó ń gba owó-orí ní Amẹ́ríkà, ka ohun tí ẹ gbà dípò owó sí owó tó wọlé, iye tó ń jẹ́ lọ́jà ni ẹ ó sì kọ. Konkin yóò ní kí ẹ má san án. Ẹ fi èyí náà sínú ìṣirò tí a ṣe fún Onídìrí lókè. Bí ẹ bá fẹ́ san án, ẹ máa kọ iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é, torí lẹ́yìn ọdún kan, kò sẹ́ni tó máa rántí iye tí wọ́n ń gbà láti tún páìpù ṣe nígbà yẹn.