Ìbéèrè Òǹkàwé: Fódà Tirẹ̀ fún Olùkọ́ Kọ̀ọ̀kan lórí Sáfà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Fódà kan ṣoṣo ni gbogbo olùkọ́ wa ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí sáfà wa, kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò tó ń lo Windows Server. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan ṣèèṣì pa máàkì kíláàsì ẹlòmíràn rẹ́, àwọn mìíràn sì ń ṣí ìbéèrè ìdánwò tí kò kàn wọ́n. Báwo ni olúkúlùkù ṣe lè ní fódà tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní lè wò?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé wa. Bí àwọn olùkọ́ yín bá ti ní orúkọ ìwọlé nínú Active Directory, ìyẹn ibi tí Windows Server ń kó orúkọ àwọn tó ń lò ó sí, iṣẹ́ náà kò le. Àṣẹ oríṣi méjì ló wà lórí fódà tí a bá pín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: àṣẹ pínpín dà bí ẹnu ọ̀nà agbo ilé, àṣẹ NTFS tó wà lórí fódà fúnra rẹ̀ sì dà bí kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ni yóò mú ẹni tó ń wọlé.

Ẹ dá fódà ìyá kan sílẹ̀, ẹ pín in, kí ẹ sì fún gbogbo ẹni tó ní orúkọ ìwọlé ní Contrôle total (àṣẹ láti ṣe ohun gbogbo) nínú àṣẹ pínpín. Kí èyí má ṣe já yín láyà, nítorí NTFS ni yóò dá wọn dúró. Ní apá NTFS, ẹ kọ́kọ́ gé àjogúnbá kúrò, kí àṣẹ tó ń ti òkè wá má baà dé ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fi Contrôle total sílẹ̀ fún System (Windows fúnra rẹ̀) àti àwọn alábòójútó nìkan. Ní ti àwọn olùkọ́, àṣẹ kíkà ti tó, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ yan Ce dossier seulement (fódà yìí nìkan) fún un. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: bí àṣẹ kíkà náà bá lọ sórí àwọn fódà ọmọ, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò lè ka iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀, bó tilẹ̀ jọ pé olúkúlùkù ti ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan gbogbo olùkọ́ pọ̀ nínú Active Directory, ẹ ṣí Profil, ẹ mú lẹ́tà H:, kí ẹ sì kọ ọ̀nà fódà ìyá pẹ̀lú %username% ní ìparí, bíi \\safa\oluko\%username%. Windows yóò fi orúkọ olúkúlùkù rọ́pò ọ̀rọ̀ náà, yóò dá fódà rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fún un láṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ fi orúkọ olùkọ́ kan dán an wò. Ẹ má fi ti alábòójútó dán an wò, torí pé òun lè ṣí gbogbo rẹ̀.

Ní ti máàkì tó parẹ́, fáìlì tí a bá pa rẹ́ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í lọ sínú Corbeille (àpótí ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà), fódà ara ẹni kò sì lè gba ẹni tó bá ṣèèṣì pa iṣẹ́ ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ tan clichés instantanés, tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ àwọn fáìlì kí a lè dá wọn padà, sórí díìsì náà, kí ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà sórí díìsì mìíràn tí ẹ ń tọ́jú sí ilé mìíràn. Èrò tèmi ni pé kí àkójọ máàkì tí ọ́fíìsì nílò má ṣe wà nínú fódà olùkọ́ nìkan. Fódà àpapọ̀ tí ẹni díẹ̀ láṣẹ lórí rẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ara ẹni àwọn ọmọ ni, Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì dáàbò bò ó.

Ìbéèrè: Linux la ń lò ní Kétu níhìn-ín. Ṣé ọ̀nà kan náà ni? — Òǹkàwé, Kétu

Ìdáhùn: Rárá, tiyín tilẹ̀ rọrùn jù. Nínú fáìlì ètò (smb.conf) ti Samba, ètò tí Linux fi ń pín fódà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ṣí apá [homes], ẹ kọ browseable = no, read only = no àti valid users = %S síbẹ̀, kí ẹ fi chmod 700 (kí ẹni tó ni ín nìkan lè ṣí i) sórí fódà ilé olúkúlùkù, kí ẹ sì fi smbpasswd -a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà Samba tirẹ̀.