Ẹ má tíì yọ 4.10 yẹn

Ọ̀gá mi, ẹ ní ariwo ẹ́ńjìnì ò jẹ́ kí ẹ gbádùn tí ẹ bá ti dé òpópónà márosẹ̀, ẹ wá fẹ́ yọ gíà 4.10 tó wà nínú dífù, èyí tó ń yí táyà ẹ̀yìn, kí ẹ fi 2.73 rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì san owó iṣẹ́ kí n tó gbádùn ọkọ̀ mi. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nọ́ńbà yẹn ò ju iye ìgbà tí pùròpẹ́là, irin gígùn tó ti gíábọ́ọ̀sì wá sí dífù, máa yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eyín 41 lára gíà ńlá, 10 lára kékeré tó ń yí i: 4.10 ti dé nìyẹn. Lórí táyà tó ga ní íńṣì 28, tí gíà tó kẹ́yìn nínú gíábọ́ọ̀sì bá jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, 4.10 á mú kí ẹ́ńjìnì yí tó ìgbà 3,360 ní ìṣẹ́jú kan tí ẹ bá ń sá 110 kìlómítà ní wákàtí. 2.73 á já a wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2,240. Ibẹ̀ ni mo ṣírò dé, inú mi dùn, mo lọ rà á.

Mo gbàgbé gíábọ́ọ̀sì. Tèmi ní overdrive, gíà òkè tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yí díẹ̀ ju pùròpẹ́là lọ: 0.70 ni tèmi, ìyẹn ló sọ 2,240 di 1,570. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, àfi bíi pé mo pa ẹ́ńjìnì, afẹ́fẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Ṣùgbọ́n òkè kékeré tí oníkẹ̀kẹ́ ò ní sọ̀ kalẹ̀ fún, ọkọ̀ á já overdrive sílẹ̀. A dé orí òkè, ó tún wọ̀ ọ́. Òkè mìíràn, ó tún já a. Tí mo bá tẹ iná díẹ̀díẹ̀ kó má baà já, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á máa dún kíríkírí. Epo tí mo rò pé màá jèrè, mi ò rí i, torí gbogbo ìgbà ni mò ń tẹ iná mọ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó wá wo ibi tí ẹ́ńjìnì mi ti ń fa dáadáa: bíi 1,900 sókè. Mo fi 3.55 sí i, ó ń sinmi sí 2,040 lórí eré kan náà. Kì í dákẹ́ bíi ti 2.73, ṣùgbọ́n kì í já gíà mọ́. Tí tiyín ò bá ní overdrive, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: 3.08 á fún yín ní nǹkan bíi 2,530, 2.73 pàápàá lè bá yín mu.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀, torí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú yín lè ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi nǹkan dí táyà iwájú, ẹ tú bíréékì ọwọ́, ẹ yọ ọkọ̀ kúrò ní gíà, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè. Ẹ fi ẹfun sàmì sí táyà náà àti pùròpẹ́là. Ẹ yí táyà ní ìgbà méjì géérégé, kí ẹ ka iye ìgbà tí pùròpẹ́là yí: iye yẹn gan-an ni nọ́ńbà gíà yín, torí táyà kejì tó wà nílẹ̀ ò yí. Tó bá jẹ́ dífù tó ń de táyà méjèèjì pọ̀, ẹ gbé méjèèjì, kí ẹ yí wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ tún béèrè bóyá gíà tuntun máa wọ ilé tí wọ́n ń de gíà ńlá mọ́ nínú dífù yín. Àwọn dífù kan wà tó jẹ́ pé láti 4.10 sí 2.73, ilé náà gbọ́dọ̀ yí padà. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ ṣe tèmi ò fi ọ̀dà wo ibi tí eyín ti ń kanra. Tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Èkejì kun eyín, ó yí i, ó pè mí wá wò ó: àmì náà wà láàárín eyín gan-an, kò sí létí. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín kí wọ́n tó dé e.

Ẹ sọ gíga táyà yín àti gíábọ́ọ̀sì tí ẹ ń lò, ká jọ ṣírò rẹ̀.